Gbígbó Yàtọ̀ sí Pípọ́n

Ẹ̀yin ará wa ní Soje, máńgòrò tí kò gbó kò ṣeé fi pọ́n. Èyí tó gbó, èjìká rẹ̀ a kún yí ọrùn rẹ̀ ká. Bí a bá la ọ̀kan wò, ẹran ìdí kóró rẹ̀ ti ń kúrò ní funfun. Ẹ tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ pípọ́n kan sí i, kí ẹ da àpò bò ó. Atẹ́gùn ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ni yóò mú un pọ́n ní ọjọ́ mélòó kan. (Ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ́n lóko.)

Mo mọ̀ pé owó ilé-ìwé kì í dúró de máńgòrò. Síbẹ̀, ẹ má fi kábáìdì àwọn jórinjórin ṣe é. Májèlé àséníìkì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, àjọ NAFDAC sì ti kìlọ̀ léraléra. Lọ́jà, bí èèpo bá pọ́n rokoso tí inú ṣì le, tó sì kan, ẹ má rà á fún ọmọ.