Lẹ́yìn "Ẹ Kú Ewu Ọmọ": Ìrora Tí Ìyá Ìkókó Kì Í Sọ

"Ẹ kú ewu ọmọ o!" Bí a ti ń kí ìyá ìkókó nìyẹn, láti Máfọ̀lúkù ní Oṣòdì títí dé Òkòtà ní Ìsọlọ̀. Ìkíni náà jẹ́wọ́ pé ewu wà nínú ìbímọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kí i tán, ọmọ ni gbogbo ojú ń wò. Ìyá ọmọ rọra fi ìdí kan jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú ara rẹ̀ ń ta á bí iná. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ Márúwà ń gbé e bọ̀ láti ilé ìwòsàn, kò sí kòtò kan lójú ọ̀nà tí ara rẹ̀ kò mọ̀. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ó sọ ọ́. Àwa náà kì í sì í béèrè.

Kí ló ń fa ìrora náà?

Awọ àti iṣan tó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí máa ń fẹ̀ gidigidi nígbà tí orí ọmọ bá ń jáde. Ó lè wú, ó lè ya, agbẹ̀bí sì lè gé e díẹ̀ kí ọ̀nà lè fẹ̀, kí ó tó rán an. Ipele mẹ́rin ni yíya náà pín sí: èkíní kò ju awọ lọ, ẹ̀kẹrin sì dé inú ihò ìdí. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò yẹ kí gígé yìí di àṣà fún gbogbo ẹni tó ń rọbí. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tó pé, aboyún lè béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé: "Nígbà wo lẹ máa ń gé e, kí sì ni ìdí rẹ̀?"

Ohun tútù ni, kì í ṣe omi híhó

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyá àgbà ti gbé omi kaná kí ìyá ìkókó tó dé. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tó ń yọ èéfín lè bó ara tó ti gbọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, ọgbẹ́ á sì di méjì. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé: "Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó jókòó sí i." Inú abọ́ tó mọ́ ni kí omi náà wà, láìsí Dettol, láìsí álọ́ọ̀mù.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé a lè fi ohun tútù dẹ ìrora náà lójú ní kété tí obìnrin bá bímọ tán, àti pé paracetamol ni kí a kọ́kọ́ lò bí oògùn bá pọn dandan. Omi inú ọ̀rá tó ti dì nínú fìríìsà wúlò fún èyí. Ẹ fọ ọ̀rá náà, ẹ fi aṣọ tó mọ́ wé e, kí ẹ gbé e sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Kò gbọdọ̀ kan awọ láìsí aṣọ. Ẹ lo paracetamol bí nọ́ọ̀sì ti júwe rẹ̀; ẹ má fi aspirin rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́yàn.

Ìtọ́jú ojoojúmọ́

- Ẹ máa da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí ojú ara bí ẹ bá ń tọ̀, kí ìtọ̀ má baà ta yín.
- Láti iwájú lọ sẹ́yìn ni kí ẹ máa nu ara. Ẹ máa pààrọ̀ páàdì déédéé, kí ẹ sì fọ ọwọ́ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀.
- Ẹ mu omi dáadáa, ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ, kí ìgbẹ́ má baà le.
- Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ láti sinmi.

Láàárín oṣù kan, ọ̀pọ̀ ojú rírán a ti jinná, òwú náà a sì yọ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ má fara da èyí

Bí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá ń rùn, tí ó ń ṣọyún tàbí tí ó là, bí ẹ̀jẹ̀ bá kún páàdì kan láàárín wákàtí kan, tàbí bí ẹ kò bá lè mú ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ dúró, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ àti ẹbí, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ má jẹ́ kí ìyá ọmọ máa kúnlẹ̀ kí àlejò kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi tìmùtìmù sórí àga rẹ̀, kí ẹ sì bá a gba àwọn àlejò. Àwọn àgbà ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ta ni yóò tatí were sí ẹkún tí abiyamọ ń sun sínú? Bí ẹ bá ti kí i kú ewu tán, ẹ bi í léèrè pé: "Ara tìrẹ náà ńkọ́?"