Ọ̀rọ̀-ìperí fún Lílo Ojú Ẹ̀rọ Àlòkù: Àpẹẹrẹ Nokia 5110

Ní ọdún 1998 ni fóònù Nokia 5110 jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ oníná ṣe ìgbafẹ́ a máa tú ojú wọn, wọn a sì fi í ṣe aago tàbí ohun tí ń fi ìwọ̀n ooru hàn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ bá ìṣòro orúkọ pàdé.

Nǹkan méjì ni ‘ojú fóònù’ ń tọ́ka sí: ohun tí ó bo fóònù lóde, àti èyí tí ń yọ àwòrán lábẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ lè tọ́jú ti òde, kí ó sì fọ́ ti inú. A dábàá ìbòjú fún ti òde, àti ojú-àfihàn fún ti inú.

Láàárín gíláàsì méjì inú ojú-àfihàn ni èròjà kan wà tí ń ṣàn, síbẹ̀ tí àwọn mólékù rẹ̀ tò létòlétò bí ti kírísítà. A kò fara mọ́ ‘kírísítà olómi’, nítorí kò sí omi nínú rẹ̀. Kírísítà aṣàn ni ó yẹ. Bí iná bá yí ìtò wọn padà, ojú ibẹ̀ a dúdú. Ibi kékeré kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní pixel, ni a pè ní ẹyọ-àwòrán. Ìlà òró 84 àti ìlà ìbú 48 ni ó wà níbẹ̀, àpapọ̀ ẹyọ-àwòrán jẹ́ 4,032.

Adarí-àfihàn rẹ̀ ni PCD8544 ti ilé-iṣẹ́ Philips. Báìtì kan ń gbé ẹyọ-àwòrán mẹ́jọ; nítorí náà, báìtì 504 ni ó tó fún gbogbo wọn. Fóltì 2.7 sí 3.3 ni a ṣe é fún. Bí ẹ̀rọ tí a fẹ́ so ó mọ́ bá ń lo fóltì 5, a ní láti dín in kù kí ó tó dé ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ojú-àfihàn ni ó ṣe é tún lò báyìí. Ohun tí ó mú èyí rọrùn ni pé ìwé-àbùdá adarí rẹ̀ wà ní gbangba: ó sọ iṣẹ́ ojú ìsowáyà kọ̀ọ̀kan àti àṣẹ tí adarí ń gbọ́. Ojú-àfihàn tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dán, ó ṣòro fún olùbẹ̀rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti wá ìwé-àbùdá kí ó tó mú irin ìjólẹ́ẹ̀dì.