Oògùn Adènà Oyún Pàjáwìrì: Iye Tó Ń Náni àti Ibi Tí A Ti Lè Rí I

  

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oyún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí a ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀gẹ́, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní rọ́bà tí ọkọ òun lò ya mọ́ ọn lára. Ó ti gbọ́ pé oògùn kan wà nílùú, ṣùgbọ́n ó ní kí òun dúró de ọjọ́ ọjà, kí owó ọkọ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Nígbà tó dé ilé kẹ́mísì, iye tí wọ́n dá lé oògùn náà ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó padà sí abà lọ wá owó sí i. Ọjọ́ kẹfà ló tó rí oògùn náà rà, oyún sì dúró. Owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ajílẹ̀ ló ná sórí ìtọ́jú oyún. A dúpẹ́ pé tìyá tọmọ yè, a kò sì pe ọmọ náà ní àdánù. Ṣùgbọ́n àgbàdo ọdún náà kò rí ajílẹ̀, gbèsè ẹgbẹ́ sì wà nílẹ̀. Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ òní fi wáyé.

Kí ni oògùn yìí?

Oògùn adènà oyún pàjáwìrì ni èyí tí obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tí kò ní ààbò, tàbí tí rọ́bà bá ya, tàbí tó bá gbàgbé láti lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa ni Postinor-2. Orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni levonorgestrel. Ilé iṣẹ́ Gedeon Richter ní orílẹ̀-èdè Hungary ló ń ṣe é. Hóró méjì ló wà nínú páálí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí obìnrin lo ọ̀kan, kí ó sì lo ìkejì lẹ́yìn wákàtí 12. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé nísinsìnyí ni pé kí ó gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oríṣi mìíràn wà tó jẹ́ hóró kan ṣoṣo, tí agbára rẹ̀ tó ti hóró méjì yẹn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin àgbàdo mọ oògùn apakoríko tí à ń fọ́n sórí ilẹ̀ kété tí a bá gbìn tán. Kí koríko tó hù ló ń ṣiṣẹ́. Bí koríko bá ti hù tó ga, ẹni tó bá tún ń fọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń fi owó ṣòfò ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni oògùn yìí rí. Ṣe ló ń dá ẹyin obìnrin dúró kí ó má tètè jáde, kí àtọ̀ má bàa bá a. Bí oyún bá ti dúró, kò lè ṣẹ́ ẹ, kò sì lè pa ọmọ inú lára. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pè é ní oògùn ìṣẹ́yún kò sọ òótọ́.

Èyí ló mú kí àkókò ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 1998 fi hàn pé bí obìnrin bá lò ó láàárín wákàtí 24, nǹkan bí 95 nínú 100 oyún tí ì bá dúró ni kò ní dúró. Bó bá di wákàtí 25 sí 48, ó di 85. Bó bá di wákàtí 49 sí 72, ó já wálẹ̀ sí 58. Àwọn dókítà ṣì lè fún ènìyàn títí di ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an nígbà náà. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.

Ọ̀nà kejì wà. Èyí ni wáyà bàbà kékeré tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi sí ilé ọmọ. Bí wọ́n bá fi sí i láàárín ọjọ́ 5, ó ń dènà ju 99 lọ nínú 100. Kò sì parí síbẹ̀, nítorí ó lè máa dènà oyún fún ọdún 10, wọ́n sì lè yọ ọ́ nígbàkigbà tí obìnrin bá tún fẹ́ bímọ.

Ibo la ti lè rí i, èló sì ni?

Ilé kẹ́mísì àti ilé ìtajà àwọn apòògùn ni Postinor ti wọ́pọ̀ jù. Kò nílò ìwé dókítà. Iye rẹ̀ kì í dúró sójú kan, nítorí láti òkè òkun ló ti ń wá. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bí ₦460 ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá ₦1,400 nígbà tí oṣù kejì ọdún 2024 fi máa parí. Gbogbo ohun tí à ń kó wọlé ló bá a gòkè, oògùn apakoríko wa náà kò gbẹ́yìn.

Yàtọ̀ sí èyí, iye tí ìsọ̀ kan ń pè lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹlòmíràn tún máa ń fi kún un bó bá rí i pé ojú ń ti oníbàárà, tàbí pé ó ń kánjú. Bí ẹ ṣe ń wádìí iye ajílẹ̀ ní ìsọ̀ mẹ́ta kí ẹ tó rà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbí náà. Ẹ sì ka owó ọ̀kadà láti abà dé Ọ̀fà mọ́ iye rẹ̀, nítorí owó ọ̀nà nígbà mìíràn lè ju owó oògùn lọ.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí tọkọtaya tó ń gbé abà tó jìnnà ra ọ̀kan sílé kí ìṣòro tó dé. Ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí oòrùn àti ọ̀rinrin kò dé, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì ní tó o. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán lára páálí. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn nínú mọ́tò tàbí nínú oòrùn ọjà, kí ẹ má bàa ra ayédèrú.

Ní ti wáyà bàbà, ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ lọ. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ohun èlò ìfètò-sọ́mọ-bíbí di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Síbẹ̀, wọ́n lè gba owó díẹ̀ fún ìbọ̀wọ́ àti òwú, nǹkan náà sì lè tán lọ́wọ́ wọn nígbà mìíràn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Àwọn ohun tí ó yẹ kí ẹ kíyè sí

1. Èébì lè máa gbé obìnrin, orí lè fọ́ ọ, nǹkan oṣù rẹ̀ sì lè yí ọjọ́ padà. Bó bá bì láàárín wákàtí 2 tó lò ó, kí ó tún òmíràn lò.
2. Bí nǹkan oṣù bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ pẹ́, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò oyún.
3. Kò ń sọ obìnrin di àgàn. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lò ó.
4. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn wárápá tàbí ti kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí àwọn kan nínú wọn máa ń dín agbára rẹ̀ kù.
5. Kì í dènà HIV tàbí àtọ̀sí. Nínú àwọn ohun adènà oyún, rọ́bà nìkan ló ń ṣe èyí.
6. Kì í ṣe ohun tí à ń lò lóṣooṣù. Ẹni tó bá ń nílò rẹ̀ lemọ́lemọ́, kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì fún abẹ́rẹ́, wáyà tàbí èyí tí a ń fi sábẹ́ awọ apá. Owó rẹ̀ yóò kéré sí i, ọkàn yóò sì balẹ̀.
7. Omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́, kánún, ògógóró àti àpòpọ̀ oògùn oríṣiríṣi kì í dènà oyún. Wọ́n lè ba inú jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ipá ni wọ́n fi bá obìnrin tàbí ọmọbìnrin lò, ẹ má fi bò ó nítorí ìtìjú. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Yàtọ̀ sí oògùn adènà oyún, oògùn kan wà tó ń dènà HIV, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò bá lè bi ìyá rẹ̀ yóò bi ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí ẹgbẹ́ bá sì sọ fún un lè jẹ́ omi iyọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan. Ẹni méjì ló fa ọ̀rọ̀, kí ẹni méjì náà san owó ọ̀kadà.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Ẹ pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí yín wá sí ìpàdé kan. Ẹ yan ìyá kan tó ṣeé finú hàn, kí ó máa wádìí iye oògùn náà àti ibi tó wà, bí akọ̀wé yín ṣe ń wádìí iye ajílẹ̀. Ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá lójú ẹsẹ̀ láìsí ìbéèrè púpọ̀. Ká ní irú owó bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ ni, ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá má padà sí abà lọ́wọ́ òfo.

Ẹ rántí o: ẹ tètè lò ó, ẹ ra ojúlówó, ẹ wádìí iye rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, bó bá sì ti kọjá ọjọ́ 3, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kí ẹ gbà lọ.