Kí Ni “Civilisation” Tí Wọ́n Ní Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Faransé Lọ Kọ́ Nílẹ̀ Òkèèrè?

Lánlátẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀kan nínú yín, ọmọ Ìbàràpá bíi tèmi, fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Faransé ló ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti kan ọdún tí wọ́n máa ń lọ gbé láàárín àwọn tó ń sọ èdè náà. Ó ní: “Wọ́n ní kí n lọ kọ́ èdè àti civilisation. Èdè yé mi. Kí ni ìkejì? Owó àjọ màmá mi ni mo fẹ́ fi lọ. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?”

Èmi náà kọ́ Faransé, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni mo sì lọ. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀.

Níbo ni wọ́n ń lọ? Láyé àwọn olùkọ́ wa, ilẹ̀ Faransé, Senegal tàbí Tógò ni. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá ò ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá abúlé èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjárá, Àgbádárìgì, ní 1991. Àwọn tó bá rówó ṣì ń kọjá bọ́dà.

Kí wá ni civilisation? Nínú ìwé, ìtàn àti ètò ìlú ni: ìyípadà ìjọba ọdún 1789, òfin 1905 tó ya ẹ̀sìn kúrò lára ìjọba, ìjọba olómìnira karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Gbogbo ìyẹn, ẹ lè kà á lórí fóònù. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé lẹ ò lè kà tán.

Ẹ mú vous àti tu. Wọ́n kọ́ wa pé “ẹ” àti “o” ni. Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ orí ló sábà máa ń pinnu: àgbà á sọ “o” fún mi, èmi á sọ “ẹ” fún un. Nínú Faransé, àgbàlagbà méjì tí kò mọra, vous ni wọ́n jọ ń sọ síra wọn. Olùkọ́ mi tó lè bí mi ń sọ vous fún èmi nìkan. Kò sọ mí dàgbà o; ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wa ni.

Ẹ wo òǹkà náà. Quatre-vingts ni 80, ìyẹn ogún mẹ́rin. Ọgọ́rin tiwa gan-an nìyẹn! Tó bá di 90, ọ̀nà pín: Faransé fi mẹ́wàá kún ọgọ́rin, àwa yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ọlọ́jà bá pe owó ní sẹ́fà, ẹ ò ní ráyè ṣírò.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù rèé. Àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní 1889 wà lára ohun tó pín ilẹ̀ Yorùbá sí méjì. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ọmọ Kétu ń sọ Yorùbá bíi tiyín, àmọ́ orí 20 ni wọ́n ti ń fún un ní máàkì, baccalauréat ló ń múra sí, kì í ṣe WAEC. Ẹ fi ara yín wé e, ẹ ó rí ohun tí Faransé fi sílẹ̀ kedere.

Ibẹ̀ náà ni ewu wà. Ní Àjàṣẹ́, ẹ lè fi Yorùbá ra búrẹ́dì gígùn láàárọ̀, kí ẹ fi wọ ọ̀kadà lálẹ́, kí ẹ sì padà sílé pẹ̀lú bonjour nìkan. Owó àjọ ti wọgbó nìyẹn.

Nítorí náà, ọmọ ìyá mi, ó tó bẹ́ẹ̀, tó o bá lè gbé pẹ̀lú ìdílé tí kò gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Kọ́kọ́ kí wọn ní bonjour kó o tó béèrè ohunkóhun. Kọ ohun kan tó yà ọ́ lẹ́nu sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ, ẹ fohùn ránṣẹ́: kí ló kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu? Ó dìgbà kan ná.