Ṣé o mọ̀? Kábúrétọ̀ mọ́tò kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú omi

Àwọn méjèèjì lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ ọ̀kan lè sun ọkọ̀ di eérú. Bí epo bá kún àkúnya nínú kábúrétọ̀ mọ́tò, ìta ló ń ṣàn sí, atẹ́gùn á sì gbé òórùn rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n inú àpótí ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wà. Oru pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ ba sí, ó ku kí iná ta pàrà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi tẹ ihò èémí kábúrétọ̀ ojú omi kọ ọ̀fun rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ lè fa àkúnya náà mu.

Kábúrétọ̀ tó tóbi jù kọ́ ló dára jù o. Ẹ́ńjìnnì V8 Chevrolet oní-350 íǹṣì kúbíìkì, bó tilẹ̀ ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè fa ju nǹkan bí 500 ẹsẹ̀ kúbíìkì afẹ́fẹ́ lọ láàárín ìṣẹ́jú náà. Kábúrétọ̀ oní-600 ẹsẹ̀ kúbíìkì tó o, ó tún ṣẹ́kù. Fáàrí lásán ni oní-750.

Láti tún kábúrétọ̀ ṣe, yí síkúrù epo wọlé títí yóò fi rọra kan ìdí, má fún un pa. Dá a padà ní yíyí kan àtààbọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìró rẹ̀ yóò fi dọ́gba.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sáré lórí omi, tú púlọ́ọ̀gì wò. Bó bá funfun, epo kò tó, písítìn lè jó. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù.