Ta Ló Kọ́ Ilé Tí Àwọn Ọmọ Wa Ti Ń Bá Ọ̀rẹ́ Pàdé?

Ní ilé lọ́hùn-ún, òbí mọ agboolé tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré. Ó mọ baálé ibẹ̀, ó mọ ìyá àgbà tí ó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ bá ṣìwà hù, ìròyìn yóò ti dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ní ìlú òkèèrè tí a wà yìí, ibòmíràn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ti ń bá ọ̀rẹ́ pàdé: lórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé ni ìkànnì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnìkan ló ya àwòrán rẹ̀, tí ó pinnu ibi tí ilẹ̀kùn yóò wà, ẹni tí yóò lè wọlé àti ohun tí àlejò yóò kọ́kọ́ rí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí àwa òbí wo ilé yìí náà dáadáa kí a tó fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ó yà sí College Park, ní Prince George's County ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Maryland wà. Ní ọdún 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ben Shneiderman dá ilé-ìwádìí kan sílẹ̀ níbẹ̀ láti máa wo bí ènìyàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn lò.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan nínú iṣẹ́ wọn. Gbogbo wa ni a mọ àwọn ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù tí a máa ń tẹ̀ láti kúrò ní ojú ewé kan bọ́ sí òmíràn. Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, Shneiderman àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dán oríṣiríṣi àwọ̀ wò fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọ̀ pupa ń tètè fa ojú mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí òǹkàwé rántí ohun tí ó kà dáadáa. Búlúù hàn gbangba, kò sì dí ìkàwé lọ́wọ́. Búlúù ni wọ́n yàn. Ẹ wá wo àmì pupa kékeré tí ó máa ń yọ lórí fóònù ọmọ yín nígbà gbogbo tí ẹnìkan bá sọ nǹkan. Ẹni tí ó ń ṣètò ìkànnì máa ń yàn láàárín ohun tí ń fa ojú àti ohun tí ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní. Ibi tí ó bá yàn sí ni a fi ń mọ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹgbẹ́ kò lè wà láìní ìlànà

Ní ọdún 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jennifer Preece, ẹni tí ó padà di olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìròyìn ní yunifásítì yìí kan náà, tẹ ìwé kan jáde lórí ètò àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹsẹ̀ méjì ni irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ fi ń dúró. Èkíní ni kí ìkànnì náà rọrùn láti lò. Èkejì ni ìbáṣepọ̀: ta ni àwọn tí ó wà níbẹ̀, kí ni wọ́n wá ṣe, ìlànà wo ni ó sì so wọ́n pọ̀? Ẹ̀kọ́ yìí kò lè ṣòro fún Yorùbá. Kò sí ẹni tí ó tíì wọ ẹgbẹ́ rí tí kò mọ̀ pé gbọ̀ngàn tí ó dára kò tó. Bí kò bá sí alága, akọ̀wé, akápò àti owó ìtanràn fún ẹni tí ó bá bú ẹlòmíràn, ìjà ni yóò tú ìpàdé ká.

Ní ọdún 2009, Preece àti Shneiderman kọ̀wé pọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe ń dàgbà nínú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀. A máa ń kọ́kọ́ jẹ́ òǹkàwé lásán. Lẹ́yìn náà a ó dá ọ̀rọ̀ kékeré sí i. A ó wá bá àwọn yòókù ṣiṣẹ́ pọ̀. Àwọn díẹ̀ yóò sì di aṣáájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí ó kọ́kọ́ ń bá wọn to àga ní ìpàdé ìdílé ṣe ń di ẹni tí ń darí ìpàdé.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n

Ní ọdún 1998, Ọ̀jọ̀gbọ́n Allison Druin bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ kan ní College Park tí a ń pè ní Kidsteam. Àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11 máa ń wá lẹ́yìn ilé-ìwé láti bá àwọn olùwádìí ṣètò ohun èlò kọ̀ǹpútà. Wọ́n máa ń gé bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á fi hàn bí wọ́n ṣe fẹ́ kí nǹkan rí. Ọmọ kì í nawọ́ sókè kí ó tó sọ̀rọ̀, orúkọ lásán ni ọmọ àti àgbà sì fi ń pe ara wọn. Mo mọ̀ pé etí Yorùbá kò lè gba èyí. Síbẹ̀, àwa náà la sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣètò ibi ìkówèésí ọmọdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, àwọn ọmọ ló jẹ́ kí àgbà mọ̀ pé àwọ̀ èèpo ìwé ni ọmọdé fi ń wá ìwé. Ọmọ lè máa pe àgbà ní Bọ̀dá àti Àǹtí, kí ó kúnlẹ̀ kí i, kí a sì tún bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ìwà jọ̀wà

Ọ̀jọ̀gbọ́n Jennifer Golbeck, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní College Park, ṣe ìkànnì kan tí ń dábàá fíìmù fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ó ti fọkàn tán àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó. Ní ọdún 2013, ó ṣàlàyé fún gbogbo ayé ohun tí àwọn olùwádìí kan ní Cambridge rí lára ènìyàn tí ó ju 58,000 lọ: láti inú ohun tí a tẹ̀ pé a fẹ́ràn lórí Facebook, kọ̀ǹpútà lè méfò ẹ̀sìn wa, òṣèlú wa, àti bóyá a ń mu sìgá. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ pé wọ́n fẹ́ràn pòtétò díndín tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ wà lára àwọn tí làákàyè wọn pọ̀. Kì í ṣe pé pòtétò ń fúnni ní ọgbọ́n. Ọ̀rẹ́ ń fara wé ọ̀rẹ́ ni, ìwà jọ̀wà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ̀rẹ́. Nítorí náà, ọmọ tí kò sọ àṣírí kankan lè ti sọ púpọ̀ láìmọ̀.

Òfin ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1998, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000, kò gba ìkànnì láàyè láti kó ìròyìn nípa ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 jọ láìgba àṣẹ òbí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Gómìnà Wes Moore ti Maryland fọwọ́ sí òfin kan tí ó ní kí ìkànnì tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè máa lò fi ire ọmọ ṣáájú nínú ètò rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé òfin náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní ọdún 2025. Ẹ̀yin òbí, kí a má dúró de adájọ́.

Bí ẹbí yín bá fẹ́ dá ibi ìpàdé sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ní Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù àti Maryland, ẹ fi bébà àti gègé sí iwájú àwọn ọmọ, kí wọ́n bá yín ya àwòrán ilé náà. Ta ni yóò máa ṣílẹ̀kùn? Àwòrán ta ni kò gbọ́dọ̀ jáde? Ta ni yóò parí ìjà? Kí ọmọ tí Yorùbá kò yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí iṣẹ́ kékeré ṣe: kí ó fi ohùn rẹ̀ kí ìyá àgbà, kí ó kọ orúkọ àwọn ènìyàn sí abẹ́ àwòrán àtijọ́. Ọmọ tí ó bá ti mọ bí a ṣe ń kọ́ ilé yóò mọ ohun tí yóò bèèrè nígbà tí ó bá wọ ilé onílé.