Lẹ́tà Kan, Ẹgbẹ̀rún Àpòòwé

Ó ti pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá ti Yunifásítì Texas ní ìlú Austin ti ń ṣe alábòójútó USA-Africa Dialogue, ẹgbẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti òǹkọ̀wé láti Nàìjíríà títí dé Amẹ́ríkà ti ń fi ímeèlì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ á jókòó, á kọ ọ́, á fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Bí alábòójútó bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà á wọ àpótí ímeèlì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ lè má mọ àdírẹ́sì ẹyọ ẹnì kan nínú wọn, kò sì pọn dandan kó mọ̀ ọ́n. Ètò kọ̀ǹpútà kan ló wà láàárín tó ń ṣe gbogbo làálàá náà, mo sì fẹ́ ká jọ tú inú irú ètò bẹ́ẹ̀ wò.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí a ò kàn to àdírẹ́sì igba ènìyàn sórí ímeèlì kan náà? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára. Àdírẹ́sì oníkálukú á hàn sí gbogbo àwọn yòókù. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá kò ní rí lẹ́tà gbà, torí àkójọ ọdún tó kọjá ni akọ̀wé lò. Ẹni tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ á sì máa rí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án mọ́. Bí ẹnì kan bá fèsì, tó fo ènìyàn mẹ́ta, ìjíròrò ti pín sí méjì nìyẹn.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì BITNET bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1981 láàárín City University of New York àti Yunifásítì Yale, kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń lò ó fún irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú àkójọ àdírẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ kan, á sì dúró dìgbà tí onítọ̀hún bá ráyè. Ní 1986, Eric Thomas, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris nígbà náà, kọ LISTSERV, ètò tó ń ka lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kọ SUBSCRIBE àti orúkọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí i ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kọ SIGNOFF ti jáde. Ní 1992, Brent Chapman gbé Majordomo jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni John Viega bẹ̀rẹ̀ Mailman, tí Barry Warsaw àti àwọn mìíràn wá tún ṣe. Ọ̀fẹ́ ni Mailman, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí i wò láti rí bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ.

Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ímeèlì kì í rìn láìní àpòòwé. Lẹ́tà tí à ń rí lójú fóònù ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí, àti àkọlé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń gbé lẹ́tà náà kì í wo ìwọ̀nyẹn láti mọ ibi tó ń lọ. Àpòòwé ló ń wò, èyí tí kọ̀ǹpútà kan ń fi lé èkejì lọ́wọ́, tí a ju nù kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun méjì ló wà lára àpòòwé yìí: ibi tí wọ́n ń gbé lẹ́tà lọ, àti ibi tí wọ́n máa dá a padà sí bí wọn ò bá bá onílé. Kò sì sí òfin tó ní kí ohun tó wà lára àpòòwé bá ohun tó wà nínú lẹ́tà mu.

Ibẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n Mailman àti àwọn ètò irú rẹ̀ wà. Bí lẹ́tà bá dé àdírẹ́sì ẹgbẹ́, ètò náà á ju àpòòwé rẹ̀ nù, á fi lẹ́tà sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́, á wá ṣe àpòòwé tuntun fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àdírẹ́sì ìdápadà tó wà lára àpòòwé tuntun yìí kì í ṣe ti ẹni tó kọ̀wé. Ti ètò náà fúnra rẹ̀ ni. Bí àpótí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ti kún, tàbí tí ilé iṣẹ́ tó fún un ní àdírẹ́sì ti kógbá sílé, ètò náà ni ìwé ìdápadà á bá, kò ní yọ ẹni tó kọ̀wé lẹ́nu.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Ìwé ìdápadà ò rí bákan náà, òmíràn ò tilẹ̀ dárúkọ àdírẹ́sì tó kùnà. Ẹni tó fi àdírẹ́sì àtijọ́ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, tó sì ní kí wọ́n máa darí lẹ́tà ibẹ̀ lọ sí tuntun, lè mú kí ìdápadà wá láti ibi tí ètò kò mọ̀ rí. Daniel J. Bernstein, tó kọ ètò qmail, ló wá ọ̀nà tó gbọ́n jù sí i: kí àpòòwé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ìdápadà tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí a hun àdírẹ́sì ọmọ ẹgbẹ́ náà mọ́ inú rẹ̀. Bí lẹ́tà bá padà, ètò kò ní láti ka ohun tó wà nínú rẹ̀ rárá. Àdírẹ́sì tó padà sí nìkan ti tó láti mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Mailman kì í lé ènìyàn nítorí ìdápadà ẹ̀ẹ̀kan. Máàkì kan ló ń fún un fún ọjọ́ tí lẹ́tà bá padà, kì í sì í ju ẹyọ kan lọ lóòjọ́. Bí wọn ò bá yí i padà, tí máàkì bá ti pé 5, á dá lẹ́tà dúró, á sì kìlọ̀ fún onítọ̀hún kó tó yọ orúkọ rẹ̀. Bí ọjọ́ 7 bá kọjá láìsí ìdápadà mìíràn, máàkì àtijọ́ á pa rẹ́. Mo fẹ́ràn sùúrù yìí. Ẹni tí àpótí rẹ̀ kún lọ́sẹ̀ kan tó rìnrìn àjò kò yẹ kó pàdánù ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àpòòwé yìí kan náà ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìdáhùn aládàáṣe. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan ní kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa dá gbogbo lẹ́tà lóhùn pé òun ti lọ sí ìsinmi. Bí ìdáhùn náà bá padà sínú ẹgbẹ́, ètò á pín in fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó lọ sí ìsinmi, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á tún dáhùn, ó di yíyípo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìlànà sọ pé àdírẹ́sì ìdápadà lára àpòòwé ló yẹ kí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ. Mailman tún ń kọ ìlà kan sí orí lẹ́tà tó bá ti gbà á kọjá. Bí ó bá rí ìlà náà lẹ́ẹ̀kejì, kò ní pín in mọ́.

Ní ẹnu ọ̀nà, ètò tó dára kì í gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ní òun fẹ́ wọlé gbọ́ lásán. Á fi kóòdù ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì náà, á ní kí onítọ̀hún dá a padà, kí ọ̀tá ènìyàn má baà forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi ogún kó lè fi lẹ́tà rì í. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ á dúró de alábòójútó. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá tóbi ju ìwọ̀n tí wọ́n fi sí i lọ, tó jẹ́ 40KB nínú Mailman bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Alábòójútó lè jẹ́ kó kọjá, ó lè dá a padà pẹ̀lú àlàyé, ó sì lè jù ú nù.

Ẹni tí lẹ́tà ogójì lóòjọ́ bá pọ̀ jù fún lè ní kí wọ́n máa dì í pọ̀ fún òun, kí ó wá lẹ́ẹ̀kan. Àǹfààní gidi ni fún ẹni tó ń ra dátà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ fèsì láti inú ìdìpọ̀ pààrọ̀ àkọlé rẹ̀, kó sì gé gbogbo ohun tí kò kan èsì rẹ̀ kúrò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àpapọ̀ lẹ́tà ogójì náà ló tún dá padà sí ẹgbẹ́.

Bí èsì ṣe ń mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé náà dára láti mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ní èkejì, èsì sì máa ń gbé nọ́ńbà lẹ́tà tó ń dáhùn lọ́wọ́. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀pọ̀ ètò ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ṣí lẹ́tà ọdún tó kọjá, tó tẹ èsì, tó pa àkọlé rẹ́, tó sì kọ ọ̀rọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ tuntun yẹn lè lọ sá pamọ́ sábẹ́ ti àtijọ́, kí àwọn tó ń wá a má sì rí i. Ẹ jọ̀wọ́, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ tuntun, ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tuntun.

Ìjà ńlá wà láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí lórí ibi tó yẹ kí èsì lọ: ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé ni, àbí ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́? Mailman fi méjèèjì sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó gbà wá nímọ̀ràn pé kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé. Èmi náà fara mọ́ ọn. Bí èsì tó yẹ kó lọ sí ẹgbẹ́ bá lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ìṣẹ́jú kan ni àtúnṣe rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àṣírí nípa àìsàn tàbí gbèsè bá lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn, ẹyin ló ti balẹ̀ yẹn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ìṣòro kan dé tó kan ẹgbẹ́ orí ímeèlì káàkiri àgbáyé. Yahoo kéde pé bí lẹ́tà kan bá ní láti yahoo.com lòun ti wá, tí kò gba inú kọ̀ǹpútà Yahoo kọjá, tí kò sì ní òǹtẹ̀ Yahoo tó péye, kí ẹni tó bá rí i kọ̀ ọ́. Nítorí àwọn gbájúẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, ohun tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ètò ẹgbẹ́ ń ṣe: kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló fi ń ránṣẹ́, ó sì máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ kún àkọlé àti àlàyé kún ìsàlẹ̀ lẹ́tà, èyí tó ń ba òǹtẹ̀ jẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lo Yahoo bá kọ̀wé, Gmail àti àwọn mìíràn kò ní gba lẹ́tà náà wọlé. Kíkọ̀ yìí á wá padà bí ìdápadà, ètò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka máàkì sí àwọn tó ń lo Gmail lọ́rùn. Àwọn tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni ni wọ́n dá lẹ́tà wọn dúró.

Oògùn tí wọ́n rí sí i ni pé kí ètò yí ìlà ẹni tó kọ̀wé padà: orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ẹgbẹ́ ló máa tẹ̀ lé e. Ó ṣiṣẹ́. Síbẹ̀ ó dùn mí, torí pé ẹni tó fẹ́ bá òǹkọ̀wé sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ ní láti ṣọ́ra gan-an kó má baà ju ọ̀rọ̀ rẹ̀ sáàárín ọjà.

Ilé ìpamọ́ àwọn lẹ́tà àtijọ́ ni mo kà sí ohun tó ṣe iyebíye jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lónìí lè ka ohun tí wọ́n jíròrò ní ọdún 15 sẹ́yìn. Ìjíròrò orí WhatsApp, inú fóònù oníkálukú ló ń gbé. Bí fóònù bá sọnù, tí onífóònù ò sì fi ẹ̀dà pamọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ilé ìpamọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Yahoo Groups, ilé tí Yahoo kọ́ fún irú ẹgbẹ́ báyìí, kéde ní oṣù kẹwàá 2019 pé àwọn máa pa gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 2020, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pátápátá. Ẹgbẹ́ tó tètè gbé ẹrù rẹ̀ rí ibi gbé e lọ, bíi Groups.io tí Mark Fletcher dá sílẹ̀ ní 2014. Ẹgbẹ́ tí alábòójútó rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú tàbí tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò rí nǹkan kan mú.

Bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tàbí ìjọ tó ní irú àdírẹ́sì yìí, ẹ wọlé lọ́sẹ̀ yìí kí ẹ wa ilé ìpamọ́ rẹ̀ jáde. Bí ètò yín bá gbà á, ẹ gbà á ní fáìlì mbox. Ọ̀rọ̀ lásán tí a tò tẹ̀ léra ni, ètò ímeèlì ọ̀fẹ́ bíi Thunderbird sì lè kà á pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbi méjì, kí ẹ sì sọ ẹlòmíràn tó ṣe é fọkàn tán di alábòójútó kejì kí ẹ tó jáde níbẹ̀.